Ẹ Má Dá Ẹsẹ̀ Màmá Dúró, Ẹ Gbé Ẹ̀rọ Kúrò Nílẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa o, thread yìí gùn.

Ó wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní turntable nílé, tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ti bàbá bàbá yín jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ti nu eruku rẹ̀, ẹ ti ra abẹ́rẹ́ tuntun sí i, orin ń lọ dáadáa. Àfi kí ẹnì kan kọjá nínú pálọ̀. Abẹ́rẹ́ á fò, orin á já, gbogbo ilé á pariwo: "Ta ló rìn?!"

Ohun kan péré ni mo fẹ́ sọ lónìí: ẹsẹ̀ kọ́ ló jẹ̀bi. Ibi tẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn sí ni.

Mo mọ̀ pé àwa ọ̀dọ́ ti padà sídìí àwo. Kì í ṣe àwa nìkan o. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2022 ni iye àwo vinyl tí wọ́n tà kọjá iye CD fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1987. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ ra tuntun. Ogún ni. Àwọn àgbà ló rà á, nígbà tí Decca, EMI àti Philips ṣì ń gbé orin jùjú, àpàlà àti sákárà jáde, nígbà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn, STAR Records, sílẹ̀ lọ́dún 1969. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa lónìí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọn ò tẹ̀ mọ́. Tó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ilé tí mò ń sọ yìí wà ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n fi pákó tẹ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rìn nínú pálọ̀, àwọn tó ń tajà nísàlẹ̀ mọ ibi tẹ́ ẹ dé. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ. Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn ṣì wà, àwo wọn náà sì wà, ó kún àpótí méjì.

Láàrin àwọn àwo yẹn, ọ̀kan wà tí kò sí lórí YouTube, kò sí lórí Spotify, kò sí níbì kankan tí mo ti wá a. Olórin àpàlà kan láàrin ìlú ló kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ tí Bàbá wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn: ẹgbẹ́ á dáwó jọ, olórin á kọrin, á máa ki àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ojú kejì àwo yẹn, ó pe orúkọ Bàbá, ó kì wọ́n dáadáa, ó wá yà sọ́dọ̀ ìyàwó wọn. Ìyàwó tó kì yẹn ni màmá bàbá mi. Wọ́n ṣì wà láyé, ara wọn le, ọdún yìí ni wọ́n pé ọmọ ọdún 80.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Bódìjà, ló sọ ọ́ di òfin: tí àwo yẹn bá ti ń kọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó lọ mu ún kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kékeré, ẹ gbé e lẹ́sẹ̀.

Kì í ṣe pé Dádì Bódìjà burú o. Àwo kan ṣoṣo ni. Tí abẹ́rẹ́ bá fò, ó lè họ ojú àwo, ojú àwo tó bá sì ti họ, kò sí oògùn tí yóò jẹ́ kó jinná. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀rù yẹn sì tọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin yẹn ṣe. Orin ijó lèyí! Olórin ń ki ọkọ Màmá, ó ń ki Màmá gan-an, wọ́n wá ní kí Màmá jókòó tẹ́tẹ́ bí ẹni tó wà nílé ẹjọ́. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá lọ nígbàkigbà tí wọ́n bá rí i pé a fẹ́ gbé àwo yẹn sí i. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan mo kàn án, mo ní, "Màmá, ẹ ò ní wá jókòó tì wá ni?" Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ẹsẹ̀ mi kì í gbọ́ràn tó bá ti gbọ́ ìlù yẹn. Ẹ jẹ́ n máa gbọ́ ọ níbí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣe fídíò, kí n máa wá bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, kí n sì ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn èèyàn. Mo bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wádìí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti abẹ́rẹ́. Ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe. Ojú àwo kan, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ká láti etí títí dé àárín. Ìlà yẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ní fífẹ̀. Àwọn gbágungbàgun kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ni orin. Abẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀, gbágungbàgun mì í, mímì yẹn di iná, iná di ohùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò béèrè ẹni tó mì òun. Bóyá ìlà ló mì í o, bóyá ilẹ̀ ló mì í o, bákan náà ni lójú tiẹ̀.

Ẹ wá wò ó, lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, ìwúwo tí abẹ́rẹ́ fi ń tẹ àwo kì í sábà ju giramu 2 sí 3 lọ. Hóró ṣúgà kan wúwo jù ú lọ. Ohun tó fúyẹ́ tó báyẹn lẹ fẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ lórí pákó tí èèyàn ń rìn lé.

Ìkejì: ẹ rántí jangilọ́fà tí a máa ń gùn ní kékeré. Tẹ́ ẹ bá ń tì í lásìkò tó yẹ, ọwọ́ kékeré á gbé ọmọ ńlá sókè. Tẹ́ ẹ bá tì í lásìkò tí kò yẹ, kò ní lọ. Apá tó gbé abẹ́rẹ́ dání náà ní ìwọ̀n tí ó fẹ́ràn láti máa mì, ó sábà máa ń wà láàrin ìgbà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ilẹ̀ pákó tó ti gbó, tẹ́ ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, lè máa mì ní ìwọ̀n tó sún mọ́ èyí gan-an. Pákó wá di ẹni tó ń ti jangilọ́fà, abẹ́rẹ́ di ọmọ tó jókòó síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Màmá tí kò sanra, tó ń rìn jẹ́jẹ́, fi lè mú abẹ́rẹ́ fò.

Kó tó di pé ẹ náwó, ẹ ṣe àyẹ̀wò kékeré yìí. Ẹ gbé àwo tẹ́ ò kà sí lé ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kó yí. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e bó ṣe dúró yẹn. Ẹ wá ṣí ohùn díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnì kan máa rìn nínú yàrá, kó fi ìka kan tábìlì, kó ṣí ilẹ̀kùn, kó pa á dé. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ nínú sípíkà báyìí, kì í ṣe orin. Ilé yín ló ń sọ̀rọ̀. Tí ohùn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu, tó ń ga sí i fúnra rẹ̀, ẹ yára yí ohùn wálẹ̀.

Lójú àyẹ̀wò yẹn, nǹkan mẹ́ta ni mo gbọ́ nílé wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jọra wọn.

Ọ̀kan ni ẹsẹ̀. Ìró rẹ̀ wúwo, ó ń lọ gbì, gbì. Òun ló ń mú abẹ́rẹ́ fò.

Èkejì ni sípíkà fúnra rẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n gbé sípíkà àti ẹ̀rọ sí. Sípíkà ń mi kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù ń mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ń gbé e padà fún sípíkà. Ìyẹn ló ń hu.

Ẹ̀kẹta ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí à ń lò níbí máa ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í mú abẹ́rẹ́ fò, ṣùgbọ́n ó ń hùn lábẹ́ orin. Ẹ ṣọ́ra níbí o: tẹ́ ẹ bá gbé abẹ́rẹ́ sókè tí ìhùn yẹn ò lọ, wáyà ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má fi ilẹ̀ ṣẹ̀sín.

Mo pín wọn sí mẹ́ta torí pé oògùn ọ̀kan lè jẹ́ májèlé fún èkejì. Ìyẹn gan-an ló ti ń yọ ilé wa lẹ́nu láti ọdún yìí wá. Búrọ́dà mi kan ti gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì sí abẹ́ ẹ̀rọ. Fóòmù rọ̀, ó dára fún mímì kéékèèké tó yára. Mímì ẹsẹ̀ kò yára, ó lọ́ra, fóòmù wá ń bá a jó ni. Abẹ́rẹ́ tó ń fò lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi náà gbé òkúta mábù kan wá, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn méjì fi gbé e gòkè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, òkúta yẹn dín ohùn sípíkà kù. Ṣùgbọ́n ní ti ẹsẹ̀, orí pákó kan náà ló jókòó lé. Pákó bá lọ sílẹ̀, òun náà bá a lọ.

Àwọn kan á ní, "Ṣé àwọn òyìnbó ò ti yanjú èyí ni?" Wọ́n gbìyànjú. Ní ọdún 1961, Edgar Villchur, ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ kan jáde ní ilé-iṣẹ́ Acoustic Research. Ó so orí tó gbé àwo àti apá tó gbé abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ férémù kan, ó wá gbé férémù yẹn kọ́ sórí spring. Ọgbọ́n ibẹ̀ rèé: tí àwo àti apá bá jọ mì pọ̀, abẹ́rẹ́ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, wọ́n ṣì ń lò ó títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lé ilẹ̀ pákó tó ń mì, spring náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò. Torí náà, bí ẹ̀rọ yín tiẹ̀ wọ́n bí ojú, ibi tó jókòó ṣì ṣe pàtàkì.

Ó dáa. Kí la wá ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ ò ná wa ní kọ́bọ̀. A yẹ abẹ́ pákó wò láti ìsàlẹ̀. Àwọn igi gbọọrọ ló gbé pákó ró, orí igi kọ̀ọ̀kan wọ inú ògiri lápá méjèèjì. Àárín igi ló máa ń tẹ̀ jù, ibi tó ti wọ ògiri ni kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Àárín pálọ̀ gan-an ni ẹ̀rọ wà láti ọjọ́ yìí, torí ibẹ̀ ló dùn-ún wò! A gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí orí igi wọlé sí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni fífò dínkù. Ẹ̀yin tẹ́ ò lè lu ògiri torí lánlọ́ọ̀dù, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí. Ẹ lo tábìlì kúkúrú tó dúró gírígírí, ẹ má lo èyí tó ga tó tẹ́ẹ́rẹ́, torí bí ìsàlẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, orí rẹ̀ á yẹ̀ púpọ̀.

Ìkejì, a gbé sípíkà kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, a fún un ní ìjókòó tiẹ̀ lápá kejì yàrá. Híhu parí síbẹ̀.

Ìkẹta ló yanjú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀: a gbé ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀ pátápátá, a gbé e kọ́ ògiri. Ẹsẹ̀ ń mi ilẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ mi ògiri tó gbé ilé ró. Tẹ́ ẹ bá já okùn tó wà láàrin ẹ̀rọ àti ilẹ̀, ẹ ti já gbogbo ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré lọ lu ògiri o. Ilé àtijọ́ ni tiwa, amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ògiri rẹ̀, sìmẹ́ńtì kàn bò ó lójú. Bóòtì ò ní dúró nínú amọ̀, á kàn máa jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ búrẹ́dì. A pe bírikilà. Ó ń fi ìka kan ògiri, ó ń tẹ́tí bíi dókítà. Ó rí i pé ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn náà, búlọ́ọ̀kù ni. Ibẹ̀ la lò. Wẹ́dà ṣe apá irin onígun méjì fún wa, ó fi irin kan dá a bùú kó má baà tẹ̀. Bóòtì mẹ́rin ló mú wọn mọ́ ògiri. Káfíńtà gé pláíwúùdù tó nípọn lé e. Kí ẹ̀rọ tó gùn ún, mo fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ pákó yẹn, mo fi gbogbo ìwúwo mi tẹ̀ ẹ́. Kò mira.

Ìkẹrin ni ti jẹnẹrétọ̀, fọkanáísà àdúgbò ló sì bá wa ṣe é. Mo ra tíúbù kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan. Ó fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, kò jẹ́ kó le. A tẹ́ tíúbù sórí pákó ara ògiri, a gbé pákó mìíràn lé e, a wá gbé ẹ̀rọ lé pákó yẹn. Afẹ́fẹ́ inú tíúbù ni kò jẹ́ kí mímì tó yára gòkè dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Ìhùn yẹn lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti ṣí ohùn gan-an kí n tó gbọ́ ọ. Tíúbù yìí, ẹ má gbé e sórí ilẹ̀ pákó o, á ṣe bíi fóòmù búrọ́dà mi ni. Orí ohun tí ẹsẹ̀ ò lè mì ló ti wúlò. Ẹ sì máa wò ó lóṣooṣù, torí afẹ́fẹ́ máa ń dínkù, ẹ̀rọ á wá dagun.

Èyí gbé wa dé orí ìkarùn-ún: kí ẹ̀rọ tẹ́ pẹrẹsẹ. Fóònù yín ní ohun tó lè wọ̀n ọ́n, tàbí kẹ́ ẹ yá spirit level lọ́wọ́ bírikilà. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ibi tí àwo ń jókòó lé. Tó bá dagun, apá á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìmì kékeré á sì tó láti tì í kúrò nínú ìlà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ. "Ẹ kàn lẹ owó kọ́ìnì mọ́ orí abẹ́rẹ́, kò ní fò mọ́." Lóòótọ́, ó lè má fò mọ́. Ṣùgbọ́n ìwúwo yẹn á máa họ ìlà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ orin. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó ṣe abẹ́rẹ́ yín kọ ìwúwo tó yẹ sínú ìwé rẹ̀, láti iye kan sí iye kan. Tí tiyín bá fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbé e wá sí ìwọ̀n tó sọ. Ẹ má kọjá ibẹ̀. Bákan náà ni bọ́tìnì tó ń gé ìró ìsàlẹ̀ kúrò lára áńpìlìfáyà: ó ń gba sípíkà lọ́wọ́ wàhálà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ á ṣì máa fò, torí inú ìlà níbẹ̀ ni ìjà náà wà.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, mo tún ṣe àyẹ̀wò àwo tí kò yí yẹn. Búrọ́dà mi fò sókè láàrin pálọ̀. A gbọ́ gbì kékeré kan, lọ́ọ̀ọ́kán, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé kejì. A gbé àwo mìíràn sí i kó máa kọrin, ó tún fò. Abẹ́rẹ́ ò mira. Àwọn tó ń gún iyán nísàlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn, ọmọ odó ń lọ sókè sódò, orin ń lọ.

Mo ké sí Dádì Bódìjà. Wọ́n wá látọ̀nà, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n wo ẹ̀rọ lára ògiri, wọ́n ní, "Kò ní já lulẹ̀?" Mo ní, "Kò ní já, sà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò." Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, wọ́n padà, ojú wọn ò kúrò lára abẹ́rẹ́. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí n gbé àwo ẹgbẹ́ wá.

Màmá ti ń dìde láti wọ yàrá lọ. Dádì Bódìjà ló dá wọn dúró. Wọ́n ní, "Màámi, ẹ jókòó. Tàbí kẹ́ ẹ má jókòó." Màmá wò wọ́n. Wọ́n wo ògiri. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yẹ omi wò bóyá ó gbóná. Orin ń lọ. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó le díẹ̀. Orin ń lọ. Ìgbà kẹta, àwọn onísọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ pariwo sókè pé ṣé kò sí o.

Ẹ̀yin ará, Màmá jó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ijó yẹn ni mo fẹ́ fi há yín lọ́kàn jù. Nígbà tí olórin dé ibi tó ti ń ki Bàbá, tó ń sọ bí Bàbá ṣe náwó fún ẹgbẹ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún, Màmá dúró lórí ijó. Wọ́n ní, "Irọ́ ló ń pa. Owó yẹn, bàbá yín ò san án tán. Èmi ni mo lọ san èyí tó kù, èrè aṣọ tí mo tà l'ọ́jà Dùgbẹ̀ ni." Dádì Bódìjà yà ẹnu. Wọn ò gbọ́ ọ rí láyé wọn, wọ́n sì ti lé ní 50 ọdún. Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́, ẹni tí olórin pè àti ẹni tó yẹ kó pè tí kò pè. Ọ̀kan nínú wọn ló ni ilé tó dojú kọ tiwa. A ò mọ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni Màmá ti ń bá ògiri yàrá sọ láti ìgbà tí òfin "ẹ má rìn" ti bẹ̀rẹ̀. Àwo wà láìléwu, ohùn olórin wà láìléwu, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìtumọ̀ orin yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì mo so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, mo gba àwo yẹn sílẹ̀, ojú méjèèjì, láìfò, láìjá. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí. Mo tún gbé fóònù kalẹ̀, mo gba ohùn Màmá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé orin náà látòkè délẹ̀, tí wọ́n ń bá olórin tó ti kú jiyàn. Èyí èkejì yìí ni àwọn mọ̀lẹ́bí ń béèrè jù.

Wàhálà ò tíì tán pátápátá o. Tí tírélà ńlá bá kọjá lójú títì, gbogbo ilé ló ń mì, ògiri náà ń mì, kò sì sí ohun tí tíúbù kẹ̀kẹ́ lè ṣe sí ìyẹn. A kàn máa ń dúró kó kọjá kí á tó gbé àwo ẹgbẹ́ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lórí dẹ́kìn tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, inú yín á dùn, ìdajì ẹjọ́ yìí ò kàn yín. Tiyín, ẹ gbé sípíkà jìnnà sí ẹ̀rọ, ẹ fi ohun tó wúwo sábẹ́ ẹ̀rọ, ó parí. Ẹ̀yin onílẹ̀ pákó, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní: àwo tí kò yí, abẹ́rẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹnì kan máa rìn. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ fún mi lábẹ́ ibí, àti irú ògiri tẹ́ ẹ ní. Màá dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Màmá ló ni pálọ̀ nígbà yẹn.